Ìlà Kejì Lára Sítíríìpù Ẹyin

Ìlà kejì ló máa ń rú àwọn obìnrin lójú. Ẹni tó bá ti fi ìtọ̀ yẹ oyún wò rí mọ̀ pé bí ìlà kejì bá ti lè yọ, ì báà pọ́n, ì báà hàn fírífírí, oyún ti dé nìyẹn. Ìmọ̀ yìí ló máa ń gbé lọ sídìí sítíríìpù mìíràn, èyí tí a fi ń mọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde lára obìnrin. Ó lò ó lọ́jọ́ kìíní, ìlà méjì yọ, inú rẹ̀ dùn, ó pe ọkọ rẹ̀ pé kó tètè máa bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ kejì, ìlà méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ìlà méjì. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti gbé páálí rẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ wa pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Kì í ṣe ayédèrú. Họ́mónù tí sítíríìpù yìí ń wá, tí wọ́n ń pè ní LH, kì í tán pátápátá lára obìnrin, ìdí nìyẹn tí ìlà kejì fi lè wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù. Nínú ìlà méjèèjì, ọ̀kan ni ìlà ẹ̀rí, èkejì ni ìlà ìdánwò. Ìlà ẹ̀rí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó jẹ́ ká mọ̀ pé sítíríìpù náà ń ṣiṣẹ́. Bí òun bá kọ̀ tí kò yọ, ká ju gbogbo rẹ̀ nù. Ìlà ìdánwò là ń wò, a sì gbọ́dọ̀ fi wé ìlà ẹ̀rí. Ọjọ́ tó bá pọ́n tó o, tàbí tó pọ́n jù ú lọ, lọ́jọ́ tí à ń wá. Bí kò bá pọ́n tó ìlà ẹ̀rí, ohun tó ń sọ ni pé kò tíì yá.

Apòògùn ni mí, Sábó ní Yábàá, nílùú Èkó, ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà Herbert Macaulay, níbi tí ariwo ọjà àti ti dánfó kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ bí wọn kò bá sún mọ́ra. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń ra sítíríìpù yìí lọ́wọ́ wa. Ìyàwó ilé tó ti ń wojú Olúwa láti ìgbà pípẹ́ ń rà á. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó kún Yábàá báyìí ń rà á, torí ó ti sún mọ́ ogójì ọdún, kò sì fẹ́ fi àsìkò ṣòfò. Ìyá ọkọ ti wá rà á fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí, tó ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sílẹ̀ fún òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Yabatech tàbí láti Àkọkà ń rà á fún ìdí tó yàtọ̀ pátápátá: òun kò fẹ́ lóyún ni.

Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rà, ìbéèrè tí kálukú fẹ́ bi í kò sì jọra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Sítíríìpù yìí ṣeé gbára lé nínú ìwọ̀nba ohun tó mọ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé a máa ń bi í ní ohun tí kò mọ̀, a ó sì gba ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, títí oṣù á fi di ọdún lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ọdún púpọ̀ láti fi tàfàlà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kókó kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń tú LH sínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u jáde lọ́pọ̀ ọjọ́ inú oṣù. Àmọ́ bí ẹyin kan bá ti gbó dáadáa, kókó náà á tú LH jáde lọ́pọ̀ yanturu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí ló sì máa ń mú kí àpò tó yí ẹyin náà ká bẹ́ kí ẹyin lè jáde. Láti ìgbà tí LH bá ti ru sókè títí ẹyin á fi jáde, ó máa ń tó wákàtí 24 sí 36. Díẹ̀ nínú LH náà á bá ìtọ̀ jáde, òun ni sítíríìpù ń mú. Ohun tó ń bá a mú un ni antibody tí wọ́n ti tò sínú bébà náà, tí wọ́n so mọ́ ẹyọ góòlù wíwẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Góòlù yẹn ló ń fún ìlà náà ní àwọ̀ pupa. Ọdún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe irú antibody bẹ́ẹ̀ jáde lọ́pọ̀, ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1984. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni ohun tó jẹ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ńlá nígbà kan fi di ohun tí obìnrin lè dá ṣe ní ilé ìwẹ̀ rẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, kàlẹ́ńdà ni. Ní àwọn ọdún 1920, Kyusaku Ogino ní Japan àti Hermann Knaus ní Austria, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi hàn pé ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Ṣáájú èyí tó ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn èyí tó ti lọ. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn méjèèjì ti sọ ọ́, síbẹ̀ “ọjọ́ kẹrìnlá” tí wọ́n kọ́ wa ní girama ni ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń kà. Ọjọ́ kẹrìnlá tọ̀nà fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń yí po ní ọjọ́ 28 géérégé. Ẹni tí tirẹ̀ máa ń tó ọjọ́ 35, ẹyin rẹ̀ lè má jáde títí di nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 24, ẹyin rẹ̀ ti lè jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Nígbà tí Allen Wilcox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn lórí èyí jáde ní 2000, nǹkan bí 30 nínú 100 obìnrin péré ni àwọn ọjọ́ tí wọ́n lè lóyún bọ́ sáàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹtàdínlógún, tí ìwé ìlera máa ń tọ́ka sí. Àwọn tó kù kò bọ́ síbẹ̀ tán.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó fẹ́ ra sítíríìpù ni pé ọjọ́ mélòó ni oṣù rẹ̀ máa ń gbà, láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ títí di ọjọ́ tí òmíràn á tún yọ. Bí kò bá mọ̀, mo máa ń ní kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta ná. Bí ó bá mọ̀, a ó yọ 17 kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ 28 yọ 17, ó ku 11: ọjọ́ kọkànlá ni kó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 35 yọ 17, ó ku 18. Tí tirẹ̀ kò bá dúró lójú kan, èyí tó kúrú jù lọ nínú wọn la ó fi ṣe ìṣirò. Mo máa ń fi bírò kọ ọ́ sára páálí náà, torí mo ti rí i pé obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ló máa ń lo gbogbo rẹ̀ tán láì rí ohunkóhun, tí á sì máa sunkún pé òun kò ní ẹyin nínú.

Ìwé inú páálí sọ pé ó rọrùn láti lò. Ó rọrùn lóòótọ́ fún ẹni tó ń gbé nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀, tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kò pọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sítíríìpù ni ìwé wọn ní ká má fi ìtọ̀ tí a kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀ ṣe é, torí pé àfẹ̀mọ́jú ni LH sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ru nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì gba wákàtí díẹ̀ kó tó dé inú ìtọ̀. Wọ́n ní láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́ ló dáa, kí obìnrin má tọ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́rin ṣáájú, kó má sì mu omi púpọ̀ láàárín ìgbà náà. Ẹ wá wo obìnrin tó kúrò nílé ní Ìkòròdú nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, tó dé ibi iṣẹ́ ní Yábàá, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Oòrùn ń pa á, ó ń mu píọ̀ wọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wá fi ìtọ̀ tí omi ti bùlà ṣe ìdánwò, LH inú rẹ̀ lè má tó ohun tí sítíríìpù lè mú, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ti tú u jáde.

Ìmọ̀ràn tí mo máa ń gba irú rẹ̀ ni pé kó mú aago kan tó bá ayé rẹ̀ mu, kó sì dúró lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó tó kúrò níbi iṣẹ́, ó dáa. Bí ó bá jẹ́ pé aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ló ń dé ilé, ìyẹn náà dáa. Kó tọ̀ sínú ife kékeré tó mọ́, kó ri sítíríìpù bọ̀ ọ́ dé ibi tí wọ́n fàlà sí, kó má kọjá rẹ̀, kó kà á tó ìṣẹ́jú àáyá tí ìwé rẹ̀ sọ, kó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kó wò ó. Ohun tó bá hàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá gbé e sílẹ̀ sùn tó ní òun á wò ó láàárọ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, kó má fi iná fóònù wò ó lókùnkùn kó wá máa bá ara rẹ̀ jiyàn bóyá ó pọ́n tó. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, èyí tó pọ́n jù lọ láàárín wọn á fi ara hàn. Àwọn kan wà tí LH wọn kì í pẹ́ lókè tó ọjọ́ kan. Bí irú wọn bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó lè kọjá lọ láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Nígbà tí àwọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló yẹ wọ́n.

Mi ò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ ooru. Ìwọ̀n ooru tí ọ̀pọ̀ sítíríìpù lè gbà kò ju 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Ìdí tí wọ́n fi dì í sínú ọ̀rá dídán tí wọ́n sì fi àpò kékeré tó ń fa omi sínú rẹ̀ nìyẹn. Oṣù kejì àti ìkẹta ní Èkó ń kọjá 30 lọ́sàn-án. Èyí tí wọ́n ti tú láti inú ọ̀rá rẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti sùn sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, èyí tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ti bá ọlọ́kadà yí gbogbo Múṣìn po kó tó dé: gbogbo wọn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ má gba ẹyọ tí ọ̀rá rẹ̀ ti ya. Ní ti owó, èyí tí kò wọ́n àti èyí tó wọ́n tó ń fi àmì ẹ̀rín hàn, LH kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá. Èyí tó wọ́n kàn ń bá wa ka àwọ̀ ni. Èmi máa ń ní kí wọ́n ra èyí tí kò wọ́n, kí wọ́n sì fi owó tó kù pamọ́ fún ohun tí n ó sọ níwájú.

Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí pé ó péye ju 99 nínú 100 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú yàrá àyẹ̀wò ni, lórí bóyá ó mú LH tàbí kò mú un. Kì í ṣe pé 99 nínú 100 obìnrin tó bá lò ó ni yóò lóyún. Ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ, kó jọ ní 2023 ló sọ bó ṣe jẹ́ gan-an: láàárín àwọn obìnrin tí kò tíì pé ogójì, tí wọn kò sì tíì wá ọmọ tó ọdún kan, bí 18 nínú 100 bá máa lóyún láì ṣírò ọjọ́, láàárín 20 sí 28 ni yóò lóyún bí wọ́n bá lo ìdánwò inú ìtọ̀ yìí. Ó ṣe ìrànlọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ náà kò kéré, kò sì pọ̀ tó bí ìpolówó ṣe ń pariwo rẹ̀.

Wilcox yìí kan náà ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí kò fi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ní 1995, lórí obìnrin 221 ní North Carolina, ó rí i pé ọjọ́ mẹ́fà péré ni oyún lè dúró nínú oṣù kan: ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kí ẹyin tó jáde, àti ọjọ́ tó jáde gan-an. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ márùn-ún, ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ìgbà tí sítíríìpù máa fi sọ pé ó yá, mẹ́rin nínú ọjọ́ mẹ́fà náà ti lè lọ. Tọkọtaya tó bá ń ṣọ́ra wọn títí ìlà á fi pọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọjọ́ tó dára kọjá. Bí ẹ bá ti ń rí omi tó ń yọ̀ tó sì ń fà bí funfun ẹyin adìyẹ lójú ara, ẹ má dúró de sítíríìpù. John Billings àti ìyàwó rẹ̀ Evelyn, dókítà méjèèjì ní Ọsirélíà, ló sọ wíwo omi yìí di ẹ̀kọ́, tí àwọn Kátólíìkì gbé káàkiri ayé, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí tọkọtaya wà pa pọ̀ ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fo ìkejì, láti ìgbà tí nǹkan oṣù bá ti dá títí ọjọ́ ẹyin á fi kọjá, wọn kò ní pàdánù ohunkóhun. Sítíríìpù wúlò jù lọ fún àwọn tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ẹni tí tirẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tí òun wà ní Èkó.

Fífi sítíríìpù yan ọjọ́ ìbálòpọ̀, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni, mo sì ń gbọ́ ọ púpọ̀. Obìnrin á ní bí òun bá ti fi sítíríìpù han ọkọ òun, ara rẹ̀ á kú, inú á bí i, á ní òun kì í ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́. Òmíràn ń fi pamọ́ fún un, á kàn fi ọgbọ́n pè é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin tó ti ń bẹ̀rù ọjọ́ náà kó tó dé lè má lè ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ náà, àtiṣe lójoojúmọ́ lábẹ́ àṣẹ sì ti ya àwọn kan nípa ju àìrọ́mọbí fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tún máa ń bi mí nípa èdà, pé àtọ̀ máa ń dà jáde lára àwọn lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ṣé òun ló fà á. Òun kọ́. Ara gbogbo obìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó máa wọlé nínú àtọ̀ náà ti wọlé kí ìyókù tó dà jáde. Owó tí wọ́n ti ná sórí àgbo èdà lè ti san owó àwọn àyẹ̀wò tí n ó sọ níwájú.

Àwọn kan wà tí sítíríìpù máa ń ṣì lọ́nà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn họ́mónù tí wọ́n ń pè ní PCOS, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń fo oṣù méjì mẹ́ta, tó lè máa hu irungbọ̀n díẹ̀, LH rẹ̀ lè wà lókè nígbà gbogbo. Ìlà á pọ́n lónìí, á pọ́n lọ́la, á pọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹyin kò sì jáde. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti fẹ́ dáwọ́ dúró náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta tí a fi ń fètò sọ́mọ bíbí sílẹ̀ lè dúró tó nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí ẹyin rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde déédéé. Kó tọ́jú owó rẹ̀ ná. Ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ hCG, tí wọ́n fi ń mú kí ẹyin jáde, sítíríìpù lè ka hCG náà sí LH. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Clomid, oògùn tó ń mú kí ẹyin gbó. Mo mọ iye àwọn tó ń wọlé wá béèrè fún un bí ẹni ń ra Panadol, pé ọ̀rẹ́ àwọn lò ó tó sì bí ìbejì. Mi ò ní tà á láì rí ìwé dókítà, kò sì yẹ kí apòògùn kankan tà á. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, kó má fi sítíríìpù yẹ ara rẹ̀ wò títí ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta á fi kọjá lẹ́yìn hóró tó lò kẹ́yìn, torí oògùn náà fúnra rẹ̀ lè gbé LH sókè.

Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ kò tíì fẹ́ lóyún: ẹ má fi sítíríìpù yìí dáàbò bo ara yín. Ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ kan ààbọ̀ ló fi ń ṣèkìlọ̀, àtọ̀ sì ń dúró tó ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó ní ìbálòpọ̀ lọ́jọ́ Ajé torí ìlà kò pọ́n lè lóyún ní Ọjọ́bọ̀. Kọ́ńdọ̀mù wà, oògùn wà, abẹ́rẹ́ wà, ìmọ̀ràn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè, kò sí ẹni tó máa pariwo yín.

Sí àwọn tó ń wá ọmọkùnrin, tí wọ́n gbọ́ pé ọjọ́ ẹyin gan-an ni ti ọkùnrin, ọjọ́ tó ṣáájú ni ti obìnrin: ìwádìí 1995 yẹn wo èyí pẹ̀lú, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Mo wá dé ibi tí owó tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ wà. Ìlà tó pọ́n ń sọ pé LH ru sókè. Kò lè sọ pé ẹyin jáde, torí àwọn kan wà tí LH wọn á ru tí ẹyin kò ní jáde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún họ́mónù progesterone, ní nǹkan bí ọjọ́ méje ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀, ló ń jẹ́rìí sí èyí. Kò lè sọ pé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà náà ti dí lára ọ̀pọ̀ obìnrin nílẹ̀ wa, nítorí àrùn ìbálòpọ̀ tí wọn kò tọ́jú, tàbí oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́nà tí kò mọ́, tàbí àrùn tó wọlé lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀kan gbòógì ni nínú ohun tó ń fa àìrọ́mọbí ní Nàìjíríà. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á máa rí ìlà pupa lóṣooṣù, ẹyin rẹ̀ á máa jáde lóṣooṣù, kò sì ní lóyún. Sítíríìpù náà kò mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin rárá. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú ìdajì àwọn tọkọtaya tí kò rọ́mọ bí, ti ọkùnrin wà níbẹ̀, bóyá òun nìkan, bóyá pẹ̀lú ti obìnrin.

Obìnrin kan ń ra sítíríìpù lọ́wọ́ wa fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lò ju àwọn òṣìṣẹ́ mi kan lọ. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú fóònù, oṣù lórí oṣù, ìlà pupa tó dára gan-an. Lọ́jọ́ tí mo bi í pé ṣé ọkọ rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ rí, ó wò mí lójú, ó ní, “Mà, òun le o, kò sí ohun tó ṣe é.” Bẹ́ẹ̀, kí ọkùnrin le àti kí àtọ̀ rẹ̀ ní irúgbìn tó pọ̀ tó, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìyá ọkọ ti ń bú u, ó ti gbààwẹ̀, ó ti lọ sórí òkè, ó ti mu àgbo, kò sì sí ẹni tó tíì ní kí ọkùnrin náà tọ̀ sínú ife kan rí, kí a má tíì wá sọ ti àtọ̀.

Òfin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tẹ̀lé kò le: bí ọdún kan bá kọjá tí tọkọtaya ń sùn pọ̀ déédéé láì fètò sí i tí oyún kò sì dé, ó yẹ kí wọ́n lọ rí dókítà. Bí obìnrin bá ti lé ní ọdún 35, àwọn dókítà ní kó má ju oṣù mẹ́fà lọ. Kí àwọn méjèèjì lọ ni. Nínú ènìyàn mẹ́fà, ọ̀kan ni irú èyí ń bá láyé gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ṣe kọ ọ́ ní 2023, nítorí náà kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ilé ìwòsàn LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí wa. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi rí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n pilẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò ní orílẹ̀-èdè yìí, tí ìyá rẹ̀ bí i ní 1989. Ìmọ̀ náà ti wà ládùúgbò wa láti ìgbà yẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Sábó máa ra páálí sítíríìpù kún páálí fún ọdún márùn-ún kó tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní báyìí, bí obìnrin bá ti wá ra páálí kẹrin, mo máa ń bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ kí n tó gba owó. Bí kò bá lè bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, mo máa ń ní kó mú un wá, kó ní òun fẹ́ ra oògùn ẹ̀fọ́rí tàbí ohunkóhun, èmi á bá a sọ ọ́ bí ọkùnrin ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀: pé ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde, abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀, owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe fún ìyàwó rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ṣáájú wọn. Kó má ní ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó má ju ọjọ́ méje lọ, kó tó gbà á. Ife tí wọ́n bá fún un ní yàrá àyẹ̀wò ni kó lò, kì í ṣe kọ́ńdọ̀mù, torí oògùn tó wà lára àwọn kọ́ńdọ̀mù kan máa ń pa àtọ̀. Bí ó bá fẹ́ gbà á nílé, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó pé wákàtí kan, kó fi sínú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara kó má tutù. Láti Sábó sí Ìdí-Àràbà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba bá dé, wákàtí yẹn lè tán sórí ìrìn, torí náà mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n béèrè fún yàrá tí wọ́n ti lè gbà á níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì tètè lọ láàárọ̀.